Mo Ní Kó Kọ Ọ́ Wá

Ẹ bá mi gbọ́ ọ, ẹ jọ̀ọ́, kí ẹ má sì yára dá mi lẹ́jọ́, nítorí èmi fúnra mi ti dá ara mi lẹ́jọ́ tán. Ní oṣù tó kọjá, mo ṣubú ní balùwẹ̀ mi ní Alágbàká, níbí ní Àkúrẹ́, láàárọ̀ ọjọ́ Sátidé kan. Ẹ̀jẹ̀ ríru ni. Èmi náà ni mo fa ara mi dìde, èmi náà ni mo wakọ̀ dé ilé ìwòsàn, nítorí awakọ̀ ìjọba kì í wá lọ́jọ́ Sátidé. Nọ́ọ̀sì tó gbà mí, ọmọ kékeré tí mo lè bí lọ́mọ, gún mi lábẹ́rẹ́ tán, ó gbé káàdì kan jáde, ó ní, "Mà, ta ni ká pè?" Mo ní kí ló ń wí. Ó ní, "Ẹni yín ni, Mà. Ẹni tí a lè pè tí nǹkan bá ṣẹlẹ̀." Áà! Mo yọ fóònù mi. Orúkọ tó wà nínú fóònù yẹn, mi ò lè kà á tán. Kọmíṣánnà wà níbẹ̀, ọba aládé wà níbẹ̀, dírẹ́kítọ̀ lóríṣiríṣi. Mo ń fi ìka yí i lọ sókè, mo ń yí i bọ̀ wá sísàlẹ̀. Mi ò rí ẹyọ ẹnì kan tí mo lè ní kó wá jókòó tì mí. Àwọn ọmọ mi méjèèjì wà ní Kánádà. Ọkọ mi ti wà nínú ilẹ̀ ní Oǹdó láti ọdún mẹ́jọ. Ọmọ náà dúró pẹ̀lú bírò lọ́wọ́, mo sì rí i lójú rẹ̀ pé àánú mi ń ṣe é. Mo ní kó fi àyè yẹn sílẹ̀ ná, kó jẹ́ kí n mú káàdì náà lọ sílé. Wọ́n ní ènìyàn laṣọ mi. Ṣé ẹ rí i pé ìhòòhò ni mo wà lórí bẹ́ẹ̀dì yẹn?

Akọ̀wé àgbà ni mí ní iléeṣẹ́ ìjọba kan tí mi ò ní dárúkọ. Bí ẹ bá ti yọ kọmíṣánnà kúrò, èmi ló kù. Bí mo bá wọ gbọ̀ngàn ìpàdé, gbogbo ènìyàn á dìde. Mo máa ń gbọ́ ẹ̀rín wọn láti ọ̀ọ́kán. Bí bàtà mi bá ti dún ní ọ̀dẹ̀dẹ̀, ẹ̀rín á dákẹ́. Oúnjẹ ọ̀sán mi ń dé nínú kúlà, èmi nìkan ni mo ń jẹ ẹ́ nínú ọ́fíìsì tútù rinrin, pẹ̀lú ilẹ̀kùn títì, ẹni tó bá sì gba ibẹ̀ kọjá á máa rò pé ayé ni mo ń jẹ. Ìgbà mìíràn wà, láti ọjọ́ Ẹtì títí di àárọ̀ ọjọ́ Ajé, tí ẹnu mi ò ní sọ ju àdúrà lọ. Ẹ má tíì kàánú mi o. Ọwọ́ ara mi ni mo fi ṣe ara mi, ẹ ó sì gbọ́ bí mo ṣe ṣe é.

Ọmọ Oǹdó ni èmi àti Dúpẹ́. Òkè-Lísà ni ilé bàbá mi, tiwọn ò jìnnà sí tiwa. Ojú mi tóbi gan-an ní kékeré, òun ló kọ́kọ́ pè mí ní Ẹlẹ́yinjú, orúkọ náà sì lẹ̀ mọ́ mi lára. Ọdún kan náà la wọṣẹ́ ìjọba ní Àkúrẹ́, yàrá fáìlì kan náà ni wọ́n kó wa sí. Bí aago kan ọ̀sán bá lù, a ó ti fáìlì sẹ́gbẹ̀ẹ́, a ó tẹ́ ìwé ìròyìn àtijọ́ sórí tábìlì, a ó tú oúnjẹ. Ẹ̀kọ tèmi, ọ̀lẹ̀ ti Dúpẹ́. Ọ̀lẹ̀ Dúpẹ́! Ewé ló fi ń pọ́n ọn, ẹja inú rẹ̀ kì í ṣe ti ahun. A ó máa sọ ẹ̀yà èdè Oǹdó wa, a ó máa rẹ́rìn-ín, àwọn ará Àkúrẹ́ á ní, "Ẹ̀yin ará Oǹdó, ẹ ti tún bẹ̀rẹ̀ o! Ta lẹ tún ń sọ̀rọ̀ rẹ̀?" Nígbà tí ọkọ mi kú, ogójì ọjọ́ gbáko ni Dúpẹ́ fi sùn sórí ẹní lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi, tó ń ro ọ̀gì fún mi, tó ń dá mi lẹ́kun. Ọkọ tirẹ̀ náà, ọ̀gá ilé ìwé tó ti fẹ̀yìn tì, tí gbogbo wa ń pè ní Tíṣà, ló lọ bá mi rí sí ọ̀rọ̀ pósí. Ẹ sọ fún mi, kí ni ọmọ ìyá ń ṣe ju ìyẹn lọ?

Mo ní ìwé yunifásítì, Dúpẹ́ ò ní, torí náà mo ń gòkè, òun sì dúró ní ìsàlẹ̀. Kò jowú mi rí. Ọjọ́ tí wọ́n búra fún mi bí akọ̀wé àgbà, òun ló bá mi wé gèlè. Bí mo sì ti ń dìde láti gba ìwé mi lọ́wọ́ àwọn èèyàn ńláńlá, Dúpẹ́ dìde ní ẹ̀yìn gbọ̀ngàn, ó figbe ta, "Ẹlẹ́yinjú! Ẹlẹ́yinjú mi!" Gbogbo orí yí padà. Wọ́n rẹ́rìn-ín. Mo ní kí n jẹ́wọ́, ẹ jẹ́ kí n jẹ́wọ́ dáadáa: ojú tì mí. Inú mi kò dùn, ojú ló tì mí.

Ọ̀gá tí mo gba ipò lọ́wọ́ rẹ̀ pè mí sí kọ̀rọ̀ lọ́jọ́ náà. Ó ní, "Ìyáàfin, láti òní lọ, o ò lọ́rẹ̀ẹ́ níbí mọ́. Ẹni tó bá fojú àná wòkú, ẹbọra á bọ́ ọ láṣọ. Jẹ́ kí wọ́n mọ̀ bẹ́ẹ̀. Ohun yòówù tí ẹnikẹ́ni bá fẹ́, kó kọ ọ́ wá. Ohun tí kò bá sí nínú fáìlì, kò ṣẹlẹ̀." Mo rò pé àsọdùn ni. Lọ́sẹ̀ kejì, mo sọ̀ kalẹ̀ lọ sí yàrá fáìlì ní aago kan, mo gbé ẹ̀kọ mi dání bí ìṣe wa. Bí mo ti ṣílẹ̀kùn, gbogbo wọn fò dìde. Ẹnì kan fi ìwé bo oúnjẹ, òmíràn ń nu ẹnu. "Ẹ káàsán, Mà. Ẹ káàsán, Mà." Dúpẹ́ nìkan ló jókòó, tó ń fi ọwọ́ gbá àga lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ pé kí n wá. Ṣùgbọ́n báwo ni mo ṣe fẹ́ jókòó láàárín àwọn tó dìde dúró? Mo ní mo kàn ní kí n kí wọn ni. Mo gbé ẹ̀kọ mi padà sókè. Bẹ́ẹ̀ ni mo ṣe kúrò nídìí tábìlì yẹn, mi ò sì padà síbẹ̀ mọ́.

Lẹ́yìn oṣù díẹ̀, ẹnì kan tí kò forúkọ sílẹ̀ kọ ìwé ẹ̀sùn ta kò mí, pé ará Oǹdó nìkan ni mò ń ṣojúure sí. Irọ́ pọ́ńbélé! Ṣùgbọ́n jìnnìjìnnì mú mi. Mo ní kí akọ̀wé mi má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni wọlé láìkọ̀wé, ìbáà jẹ́ ta ni. Dúpẹ́ wá lẹ́ẹ̀mẹta, ẹ̀ẹ̀mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ni wọ́n ní mò ń ṣèpàdé. Mo ń gbọ́ ohùn rẹ̀ lẹ́yìn ilẹ̀kùn o. Mi ò ṣèpàdé kankan. Nígbà tó yá, wọ́n gbé ìwé ìṣípòpadà àwọn òṣìṣẹ́ wá fún mi láti fọwọ́ sí. Mo rí orúkọ Dúpẹ́ níbẹ̀: Igbókòdá, létí omi lọ́hùn-ún, ọ̀nà jíjìn réré sí Àkúrẹ́. Bírò mi dúró. Ohun kan péré ni, kí n fa ìlà pa orúkọ náà rẹ́. Mo rántí ìwé ẹ̀sùn. Mo ní bí mo bá jẹ́ kí ọ̀rẹ́ mi lọ, ta ló tún máa ní mò ń ṣojúsàájú? Mo fọwọ́ sí i.

Lọ́jọ́ kejì, ó dènà dè mí níbi tí a ń páàkì ọkọ̀ sí. Dírẹ́kítọ̀ méjì wà lẹ́yìn mi. Ó di ọwọ́ mi mú, ó ní, "Ẹlẹ́yinjú, jọ̀ọ́, mo ní ọ̀rọ̀ kan tí mo fẹ́ bá ọ sọ, ìṣẹ́jú márùn-ún péré." Mo wo ẹ̀yìn, mo rí i pé àwọn méjèèjì ń wò wá. Mo rọra yọ ọwọ́ mi. Mo ní, "Ìyáàfin, ẹ kọ ọ́ wá." Ẹ. Mo pe Dúpẹ́ ní ẹ! Ẹni tí a jọ wẹ̀ lódò. Ó wò mí bí ẹni pé kò gbọ́ èdè tí mo sọ. Lẹ́yìn náà, ó kúnlẹ̀ díẹ̀, ó ní, "Ó dáa, Mà." Ìgbà àkọ́kọ́ tó pè mí ní Mà nìyẹn.

Ó kọ ọ́ wá lóòótọ́. Ojú ìwé mẹ́rin ni, ó fi àpò ìwé bò ó, ó lẹ̀ ẹ́ pa, ó kọ ọ́ sára rẹ̀ pé èmi nìkan ni kó ṣí i. "Ẹlẹ́yinjú mi," bẹ́ẹ̀ ló ṣe bẹ̀rẹ̀. Ó ní Tíṣà ò mọ òun mọ́. Ó ní "Ìyá mi" ló ń pe òun. Ó ní ó ń tọ̀ sára, pé lọ́jọ́ kan ó bọ́ra sí ìhòòhò ní àgbàlá wọn ní Ọ̀bà-Ilé, lẹ́bàá Àkúrẹ́ níbí, tó ń pe àwọn ọmọ ilé ìwé tí kò sí níbẹ̀ pé kí wọ́n tò sórí ìlà. Ó ní òun máa ń tìlẹ̀kùn mọ́ ọn kí òun tó wá síbi iṣẹ́, pé aago kan ọ̀sán ni òun ń sáré lọ wò ó, ìdí nìyẹn tí òun kì í fi í sí nídìí oúnjẹ mọ́. Ó ní gbogbo ayé ni òun parọ́ fún pé ó wà lọ́dọ̀ ọmọ wọn ní Ìbàdàn, nítorí Tíṣà ò ní fẹ́ kí ẹnikẹ́ni rí òun báyìí. "Ìwọ nìkan ni mo sọ fún. Bí mo bá lọ sí Igbókòdá, ta ló máa wẹ̀ ẹ́ fún mi?"

Mo ti sọ fún àwọn kan pé mi ò ka ìwé náà tán, pé iṣẹ́ pọ̀ lọ́wọ́ mi, pé ìlà mélòó kan ni mo wò. Irọ́ ni. Ẹ̀yin ni mo kọ́kọ́ ń sọ òtítọ́ yìí fún. Mo kà á tán. Omi bọ́ lójú mi. Ṣùgbọ́n akọ̀wé mi ló gbé e wọlé, ó ti rí ọwọ́ ìkọ̀wé Dúpẹ́, ó sì ti rí i pé wọ́n lẹ̀ ẹ́ pa. Mo ní bí mo bá fi ìwé yìí sínú báàgì, tí mo wá yí ìṣípòpadà yẹn padà, wọn á ní ó di ọwọ́ ẹ̀yìn. Ìwé gbọ́dọ̀ gba ọ̀nà tí ìwé ń gbà. Mo nu ojú mi, mo mú bírò pupa, mo kọ ọ́ sókè rẹ̀, lẹ́gbẹ̀ẹ́ "Ẹlẹ́yinjú mi" gan-an, pé: "Dírẹ́kítọ̀ ètò òṣìṣẹ́, ẹ bójú tó o." Mo sọ ọ́ sínú àtẹ ìwé tó ń jáde. Mo tilẹ̀ yin ara mi lọ́jọ́ náà pé mo ṣe déédéé.

Ẹ̀yin tí ẹ mọ iṣẹ́ ìjọba, ẹ mọ ohun tó ṣẹlẹ̀. Ìwé náà kúrò lọ́dọ̀ mi lọ sọ́dọ̀ dírẹ́kítọ̀, ó lọ sọ́dọ̀ igbákejì rẹ̀, ó lọ sọ́dọ̀ ọ̀gá kékeré, gbogbo wọn ń fi ọwọ́ sí i, gbogbo wọn ń kà á. Ibo ló parí sí? Yàrá fáìlì. Orí tábìlì tí a ti ń jẹun yẹn. Kí ọ̀sẹ̀ tó parí, gbogbo Alágbàká, níbi tí àwọn iléeṣẹ́ ìjọba wà, ti gbọ́ pé Tíṣà ń tọ̀ sára. Àwọn obìnrin ìjọ wọn dé pẹ̀lú òróró, wọ́n ní ẹ̀mí kan ló wà nídìí rẹ̀. Àwọn ẹbí Tíṣà gbéra láti Oǹdó, wọ́n ní bó bá jẹ́ àìsàn Ọlọ́run ni, kí ló dé tó fi ń tì í mọ́lé? Wọ́n ní Dúpẹ́ ló fi nǹkan sí i lóúnjẹ. Dúpẹ́! Obìnrin tó ń fọ ìdí ọkọ rẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹrin lóòjọ́! Ẹyin lọ̀rọ̀, bó bá balẹ̀, fífọ́ ló ń fọ́. Tèmi kò wá balẹ̀ lásán, èmi ni mo sọ ọ́ mọ́lẹ̀. Lọ́jọ́ Ajé tó tẹ̀lé e, ìwé ìfẹ̀yìntì rẹ̀ dé iwájú mi. Ó gba ọ̀nà tó yẹ, gbogbo ọ̀gá ti fọwọ́ sí i. Ìlà mẹ́ta péré ni. "Mà" ló fi bẹ̀rẹ̀. Kò bẹ̀bẹ̀ fún ohunkóhun. Ó kó ọkọ rẹ̀ lọ sílé ní Oǹdó, ọdún mẹ́ta nìyí, mi ò pè é, kò pè mí. Kí ni mo fẹ́ wí?

Àwa là ń sọ pé ẹni tó bá ta ará ilé rẹ̀ lọ́pọ̀, kò ní rí i rà lọ́wọ̀n-ọ́n mọ́. Láti ọjọ́ yẹn, kò sẹ́ni tó bá mi sọ ọ̀rọ̀ ara rẹ̀ mọ́ níbi iṣẹ́. Ta ló máa sọ ọ́? Wọ́n ti rí ohun tí mò ń fi àṣírí ṣe. Bí ọmọ wọn bá ń ṣàìsàn, wọn kì í sọ fún mi. Bí wọ́n bá ń ṣìkómọ, ẹ̀yìn ọ̀sẹ̀ ni mò ń gbọ́. Wọ́n ń bẹ̀rù mi, mo sì rò pé ọ̀wọ̀ ni.

Ìyẹn ló mú kí ìbéèrè nọ́ọ̀sì yẹn gún mi bí abẹ́rẹ́ kejì. Lọ́jọ́ Sátidé tó tẹ̀lé e, mo wa ọkọ̀ ara mi lọ sí Oǹdó. Mo ra ìgbín ní Ọ̀wẹ̀nà, nítorí Dúpẹ́ fẹ́ràn ìgbín. Mo bá a níwájú ilé, ó ń bó ẹ̀gúsí. Ó ti gbẹ, irun rẹ̀ ti funfun. Ó rí mi, ó gbé àtẹ sílẹ̀, ó gbọn èèpo ẹ̀gúsí ara rẹ̀ nù, ó sì kúnlẹ̀, orúnkún méjèèjì. "Ẹ káàbọ̀, Mà." Ó gbé àga onítìmùtìmù jáde láti pálọ̀, ó nù ún, ó ní kí n jókòó. Òun jókòó sórí àpótí. Ó gbé mọ́ótì fún mi lórí àwo. "Àwọn ọmọ ńkọ́, Mà? Iṣẹ́ ńkọ́, Mà? Ọ̀nà dáa bí, Mà?" Ẹ̀yin èèyàn mi, ìbá bú mi! Ìbá da àtẹ ẹ̀gúsí yẹn sí mi lára! Kò bínú. Bí wọ́n ṣe ń gba àlejò ìjọba ló ṣe gbà mí.

Tíṣà jókòó lábẹ́ igi máńgòrò, wọ́n ró aṣọ mọ́ ọn níbàdí, ó ń wo ọ̀nà. Mo lọ kí i. Bí mo ti ń padà, mo gbọ́ ohùn rẹ̀ lẹ́yìn mi, ohùn ọ̀gá ilé ìwé gan-an: "Ẹlẹ́yinjú! Ìwọ rèé? O mà pẹ́ o. Dúpẹ́ kò sí nílé. Jókòó dè é, ó ń bọ̀."

Dúpẹ́ sì nìyẹn lórí àpótí, kò ju ìṣísẹ̀ mẹ́wàá lọ sí i. Ẹkún gbá mi mú. Mo wólẹ̀ síwájú rẹ̀, mo di ẹsẹ̀ rẹ̀ mú, mo ní, "Dúpẹ́, mo ṣẹ̀ ọ́. Mo kà á tán kí n tó sọ ọ́ síta. Dárí jì mí." Gbogbo ohun tí mo ti ń pa mọ́ sínú fún ọdún mẹ́ta ni mo ń sọ, tí n kò mọ èyí tí mo ti sọ àti èyí tó kù. Ó dúró dè mí títí mo fi sọ̀rọ̀ tán. Ó fi ọwọ́ méjèèjì gbé mi dìde, ó ní, "Ẹ dìde, Mà, aṣọ yín á dọ̀tí." Ó bá mi gbọn eruku orúnkún mi. Lẹ́yìn náà ló sọ ọ́, pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, bí ẹni tó ń sọ pé òjò fẹ́ rọ̀: "Mo ti gbọ́, Mà. Ẹ kọ ọ́ wá. N ó kà á."

Ó sìn mí dé ìdí ọkọ̀. Ó gba ìgbín náà, ó sì dúpẹ́.

Ó kù oṣù mẹ́ta kí èmi náà fẹ̀yìn tì. Láti ìgbà tí mo ti dé, mo ti bẹ̀rẹ̀ lẹ́tà yẹn bí ìgbà mọ́kànlá. Obìnrin tó ti ń kọ̀wé ìjọba láti ọjọ́ yìí wá! "Mo kọ ìwé yìí pẹ̀lú ọ̀wọ̀." Mo ya á. "Ní ìbámu pẹ̀lú ọ̀rọ̀ tí a jọ sọ." Mo ya á. Gbogbo ohun tí ọwọ́ mi mọ̀ ni wọ̀nyẹn. Mi ò mọ bí wọ́n ṣe ń kọ̀wé sí ènìyàn mọ́. Mi ò sì mọ̀ bóyá àyè ìdáríjì ló ṣí sílẹ̀ fún mi, àbí ó kàn fẹ́ kí n mọ bó ṣe rí kí wọ́n sọ bẹ́ẹ̀ sí èèyàn ni. Àbámọ̀ ní í gbẹ̀yìn ọ̀rọ̀. Ẹ̀yin tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ gbé sórí àga, tí ẹnì kan ń sọ létí yín pé ẹ ò lọ́rẹ̀ẹ́ mọ́, ẹ wo ojú ẹni tó ń sọ ọ́ dáadáa. Ọ̀gá tó gbà mí nímọ̀ràn yẹn kú lọ́dún tó kọjá. A kò ju mẹ́tàdínlógún lọ níbi ìsìnkú rẹ̀. Mo kà wá.

Ẹ̀yin tí ẹ ti ṣẹ ọ̀rẹ́ rí, tí ẹ sì ti bẹ̀ ẹ́, tó gbà, ẹ jọ̀ọ́, báwo lẹ ṣe bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀ yín? Kí ni ẹ kọ sí ìlà àkọ́kọ́? Káàdì ilé ìwòsàn yẹn ṣì wà nínú báàgì mi. Mo ń yọ ọ́ wò lójoojúmọ́. Mo mọ nọ́ńbà Dúpẹ́ lórí, ṣùgbọ́n mi ò tíì kọ nǹkan kan síbẹ̀.